Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Nínú Omi Táǹkì Dúdú

"Ṣé ẹ ti gbọ́... ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn, èyí tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó kí èèyàn... wọ́n ní nọ́ńbà tó kó fún dókítà... hùn-ún, ẹnu mi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ ọ... wọ́n ní ó kàn jókòó ni, ó fi orí ara rẹ̀... àbí kí ni wọ́n ṣe ní kó máa lọ sílé?" Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Àǹtí Abigail, lọ́nà Ọjà Igbó, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin. Ìyá Rejoice tó wá gba aṣọ ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá, ó ń jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì bí iṣu sísun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú iná jáde. Àǹtí mi dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣìnnì. "Fèyíkẹ́mi, ṣebí ibi iṣẹ́ yín nìyẹn? Ṣé òótọ́ ni?" Bọ́tìnì ni mò ń rán. Mo fi òwú sẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ gé e, mo sì jẹ́ kí òwú náà pẹ́ lẹ́nu mi. Ìyá Rejoice ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ojú ń tì í." Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ojú máa ń tì mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojútì ló pa mí lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀ wá. Ẹnu tí mo fi di òwú mú yẹn náà ló ti jáde. Ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí tí òtítọ́ ti wà nínú mi tí ó ń kan bí ọbẹ̀ tí a kò sè jinná. Ẹ jẹ́ kí n dà á síta lónìí, kí ẹni tó bá fẹ́ gbóòórùn rẹ̀ gbóòórùn rẹ̀.

Olúwafèyíkẹ́mi ni orúkọ mi. Ọ̀yọ́ ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ bàbá tó bí ìyá mi, ẹni tó ṣe tíṣà fún àwọn Onítẹ̀bọmi títí tó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, wọ́n mú mi lọ sílé ìwé fún sáà kan, n kò sì lanu sọ ọ̀rọ̀ kan títí sáà fi parí. Tíṣà wọn rò pé odi ni mí. Bàbá àgbà ní, "Ẹ dá a padà fún mi, mo mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ wà." Láti ọjọ́ náà, tábìlì abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilé ìwé mi. Bàbá á ṣí ìwé, á gbé ìka rẹ̀ tó ti wọ́ lé ibi tó fẹ́ kí n kà, ibi tí ìka yẹn bá sì dúró sí ni ẹnu mi ń ṣí sí. Bí àwọn àgbà bá wá kí i, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbàgbé pé mo jókòó síbẹ̀. Mo gbọ́ ẹjọ́, mo gbọ́ ìlàjà, mo gbọ́ bí àgbà ṣe máa ń fi gbólóhùn kékeré kan parí ọ̀rọ̀ ńlá. Mo kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ síni lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ rere ni wọ́n kọ́ mi. Èmi ni mo mú un lọ síbi tí wọn kò rán mi.

Ilé ìwádìí kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí n kò ní dárúkọ, nítorí ilé náà kò ṣẹ̀ mí. Àwa méjì la jọ wọ ibẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Dókítà Ọládépò: èmi àti Marufat, ọmọ Alfa Israfil tó ń ṣe ọnà awọ ní Ọ̀yọ́. Ohun tí a wà fún ni láti mọ bí bakitéríà, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, ṣe ń gba ara wọn là nígbà tí ooru bá mú wọn. Marufat ló lọ sí Ìrẹsà, tó lọ bu omi nídìí agbada tí wọ́n ti ń yan gàrí, níbi tí ilẹ̀ kì í tutù láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó sì rí irú kan nínú omi yẹn tí kì í tètè kú. Ẹnu rẹ̀ ló fi gba ọ̀nà débẹ̀. Àwọn ìyá tó ń yan gàrí bá a ṣeré, wọ́n bu gàrí fún un, wọ́n ní kó padà wá fẹ́ ọmọkùnrin àwọn. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ̀bá ọ̀nà ni ǹ bá dúró sí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wa, Marufat gbé ìwé lé itan. Ó ní, "Fèyí, ìwé tí mò ń kà lórí sígímà yìí ò wọlé rárá. Bá mi fi ẹnu èèyàn sọ ọ́, jàre." Pẹ̀lú òun nìkan ni ẹnu mi máa ń yá. Mo ní, "Wò ó. Ìwé ńlá kan wà nínú kòkòrò yìí, gbogbo iṣẹ́ tó lè ṣe láyé ló wà níbẹ̀. Akàwé kan wà tó máa ń kà á síta kí iṣẹ́ tó di ṣíṣe. Ṣùgbọ́n akàwé yẹn ò mọ ojú ìwé tó yẹ kó ṣí. Sígímà ni ìka tó ń fi hàn án, bí ìka bàbá àgbà mi. Ìka ojoojúmọ́ wà, àádọ́rin ni wọ́n ń fi pè é: jẹun, dàgbà, pín sí méjì, ojú ìwé tiẹ̀ nìyẹn. Ìka mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní méjìlélọ́gbọ̀n. Ojú ìwé ooru ni tiẹ̀." Ó ní, "Kí ló dé tí òun náà kì í fi yọjú lójoojúmọ́?" Mo ní, "Wọ́n dì í mú ni. Àwọn olùtọ́jú kan wà nínú ilé, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tún àwọn pùròtéènì tó bá ká kò nà. Bí ara bá tutù, iṣẹ́ ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á di méjìlélọ́gbọ̀n mú, wọ́n á fà á fún ẹni tó máa ń rún un wómúwómú. Àmọ́ bí ooru bá dé, gbogbo pùròtéènì á máa ká kò bí ọ̀rá tó fara kan iná. Àwọn olùtọ́jú á sáré lọ bá àwọn tó fara pa." Marufat ṣí ojú. "Wọ́n á fi í sílẹ̀!" "Wọ́n á fi í sílẹ̀. Kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti pọ̀ nílé, ó ti fi ojú ìwé ooru han akàwé, wọ́n ti ń bí olùtọ́jú sí i. Tí olùtọ́jú bá wá pọ̀ tó, wọ́n á padà dì í mú, ilé á rọ̀." Marufat pàtẹ́wọ́, omi máńgòrò ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí! O kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan!"

Ní ìparí oṣù Kejì, àwọn àlejò wá láti òkè òkun. Àyè kan ṣoṣo ni wọ́n mú wá, oṣù mẹ́fà ní ilé ìwádìí tiwọn, fún ẹni tí Dókítà bá fi ọwọ́ sí. Marufat ni Dókítà ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀: ìwé ńlá, akàwé tí kò mọ ojú ìwé, ìka. Àní ìka! Bó ṣe sọ ọ́ ni mo rí ọwọ́ bàbá àgbà mi níwájú àwọn àlejò yẹn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i, tí wọ́n ń mi orí. Inú mi gbóná. Mo sọ nínú ọkàn mi pé olè ni. Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù. Nígbà tó dé ibi àwọn olùtọ́jú, Marufat na ọwọ́ sí mi ní ìsàlẹ̀ yàrá. Ó ní, "Fèyíkẹ́mi ló kọ́ mi ní èyí. Fèyí, dìde wá bá wọn sọ ìyókù." Gbogbo ojú yí sí mi. Mo tẹ orí ba, mo ń wo ọ̀já bàtà mi. Ó dúró dè mí, ó tún dúró, ó wá fúnra rẹ̀ sọ ìyókù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, láti ibi iṣẹ́ dé Tákìé, mo ń sọ fún ara mi pé wọ́n ja mí lólè, èmi tí wọ́n na ohun ìní mi sí tí n kò na ọwọ́ gbà á.

Owú kì í kan ilẹ̀kùn. Kí n tó mọ̀, ó ti ń bá mi jẹun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka gbogbo ohun tí Marufat ní. Ẹ̀rín rẹ̀. Bí Bàbá Àkànjí, àgbàlagbà tó ń bá wa tọ́jú ohun èlò, ṣe máa ń pè é ní "Àdùkẹ́ mi", tó sì máa ń pè mí ní "ìwọ ọmọ". Bí Dókítà ṣe ń pè mí ní "ìkejì Marufat" nígbà tí orúkọ mi bá fò ó lórí. Ìkejì! Kódà abẹ̀bẹ̀ awọ tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wa, pupa àti dúdú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa, tó ní, "Ẹ gbà, ooru Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣeré," mo gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, mo wo ọnà ara wọn títí, mo ń wá ibi tí tirẹ̀ gbé dára ju tèmi lọ. Dọ́gbadọ́gba ni wọ́n. Ìyẹn náà bí mi nínú.

Iṣẹ́ tí yóò gba àyè náà fún un kò le láti lóye. Ó máa ń da kòkòrò Ìrẹsà yẹn sí ìgò méjì, ìgò méjèèjì á wà níbi tó tutù, ìwọ̀n ọgbọ̀n. Ó máa kìlọ̀ fún ọ̀kan: á gbé e sínú omi tó gbóná níwọ̀n méjìlélógójì fún ìgbà díẹ̀. Kò ní kìlọ̀ fún èkejì. Lẹ́yìn náà, á gbé méjèèjì sínú ooru tó ń pani, ìwọ̀n àádọ́ta, á wá da wọ́n sójú àwo kó lè ka àwọn tó yè lọ́jọ́ kejì. Àwọn tí a kìlọ̀ fún ti bí olùtọ́jú sílẹ̀ kí ikú tó dé, wọn á yè. Àwọn tí a kò kìlọ̀ fún á kú. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe é, Dókítà wà ní ìrìn àjò. Èmi àti òun la jọ kà á. Mo fi kálámù sàmì sí ẹ̀yìn àwo lábẹ́ àmì funfun kọ̀ọ̀kan, kòkòrò kan tó yè tó sì bí sí i ló ń di àmì kan, mò ń pè é, ó ń kọ ọ́: mọ́kànlá lójú àwo tí a kò kìlọ̀ fún, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìndínlógún lójú èkejì. Ó fò mọ́ mi lọ́rùn. Bàbá Àkànjí wá kó àwọn àwo náà, ó sè wọ́n, ó dà wọ́n nù, bí òfin ilé iṣẹ́ ṣe wí. Dókítà dé, ó wo nọ́ńbà náà, ó ní, "Ó dára jù. Tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó buwọ́ lù ú."

Oṣù Kẹta ni, ẹ̀yin tó mọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí oṣù yẹn ṣe rí. Nẹ́pà ò ní iná, inú yàrá gan-an gbóná ju ìwọ̀n ọgbọ̀n lọ, fíríìjì sì tutù jù. Bàbá Àkànjí ló yanjú ẹ̀. Ó gbé àmù ìyá rẹ̀ wá láti ilé, ó rì í dé ọrùn nínú yanrìn lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń bomi rin yanrìn náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Bí a bá ti tẹmómítà bọ inú àmù yẹn, ọgbọ̀n ni, kì í yẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Àkànjí ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín, sà. Kí wọ́n tó bí Nẹ́pà ni omi ti ń tutù." Inú àmù yẹn ni Marufat ń gbé ìgò tí a kò ní kìlọ̀ fún sí, láti òwúrọ̀ títí aago méjì ọ̀sán.

Lórí òrùlé wa, táǹkì omi dúdú wà. Tí oòrùn bá ti pa á títí di ọ̀sán, omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ á gbóná lọ́wọ́ ẹni. Ọjọ́ tí Marufat máa tún iṣẹ́ náà ṣe lẹ́ẹ̀kíní, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé kẹ́tùlù. "Fèyí, mò ń lọ kírun àìlà. Bá mi fojú sí ìgò mi o." Mo ní kò burú. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé inú kan kàn bí mi lójijì ni. Irọ́ ni. Mo ti wọn omi táǹkì yẹn lọ́jọ́ tó ṣáájú, lákòókò yẹn gan-an: méjìlélógójì. Mo bu ú sínú kóńgò. Mo yọ ìgò rẹ̀ nínú àmù, mo rì í bọ inú omi gbígbóná yẹn, mo lúgọ sẹ́yìn igi máńgòrò, mo ń wo aago ọwọ́ mi. Láti ibi tí mo lúgọ sí, mo ń rí Marufat lórí ẹní rẹ̀, ó ń forí kanlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ta ló mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó? Èmi tí mo kọ́ ọ ni mo mọ̀ ọ́n. Mo nu ìgò náà, mo dá a padà sínú àmù. Nígbà tí yóò fi parí àdúà, ó ti tutù. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kò lè mọ nǹkan kan. Inú kòkòrò nìkan ni ìkìlọ̀ yẹn wà. Marufat ní, "Ṣé kò sí wàhálà?" Mo ní, "Kò sí." Ó ní, "Mo fi ẹ́ sádùúà o."

Lọ́jọ́ kejì, àwo méjèèjì kún fún àmì funfun. Kò sí ìyàtọ̀. Ó tún un ṣe, mo tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Oúnjẹ kò wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó ń bi mí pé, "Fèyí, kí ni mò ń ṣe tí kò dára?" Mo bá a wá a. Ẹ gbọ́ èmi ìkà: mo jókòó tì í, mo bá a wo ìwé rẹ̀ láti ojú ewé dé ojú ewé, mo bá a wá ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé pamọ́. Inú mi sì ń dùn díẹ̀, lábẹ́ ibi tó ti ń dùn mí. Bí ooru bá mú kòkòrò, olùtọ́jú rẹ̀ á padà dé. Nínú tèmi, ohun tó ń di ibi mú ti lọ, kò sì padà.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Dókítà gbà pé Marufat kò ka nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn, pé orí ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Marufat ní, "Sà, mo búra, Fèyí ló ń pè é, èmi ni mò ń kọ ọ́. Ẹ bi í." Dókítà pè mí wọ ọ́fíìsì. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nítorí ooru, Marufat sì dúró sí ìta, mo ń rí etí hìjáàbù rẹ̀. Dókítà ní, "Ọmọ yìí ní ìwọ lo jẹ́rìí òun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ kà á?" Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo wolẹ̀. Mo dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ bí a ṣe ń dákẹ́, títí gbólóhùn mìíràn fi bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Dókítà mí kanlẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́ ọ." Bí mo ṣe jáde, Marufat wò mí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì gbé àyè náà fún mi. Gbólóhùn tí mo sọ yẹn ló rìn jáde ní ọ́fíìsì, tó dé Tákìé, tó di ohun tí Ìyá Rejoice gbé wọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí mi.

Kí wọ́n tó kọ ìwé ìrìn àjò mi, Dókítà ní kí èmi náà ṣe iṣẹ́ yẹn. Mo ṣe é. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan àmù. Mẹ́sàn-án lójú àwo kan, ọ̀ọ́dúnrún àti díẹ̀ lójú èkejì. Ohun tí Marufat rí gan-an. Dókítà na ọwọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ẹ wò ó, ó ṣeé ṣe! Olùṣọ́ra ló ń fẹ́." Mo rò pé inú mi máa dùn. Nígbà tí mo jáde sẹ́yìn ilé, mo bá Bàbá Àkànjí lórí ìkúnlẹ̀ nídìí igi máńgòrò. Ó ti hú àmù rẹ̀ kúrò nínú yanrìn. Ó ti fi òkúta fọ́ ọ. Mo ní, "Bàbá! Ẹ kú... kí ló dé?" Kò gbójú sókè. Ó ní, "Wọ́n ní tìẹ dára. Nítorí pé ilẹ̀ ti tutù díẹ̀ ni, òjò ti bọ́ sílẹ̀. Nígbà ti Àdùkẹ́, ooru pọ̀, àmù mi ò gbé e. Èmi ni mo fọ́nnu níwájú dókítà. Àmù ìyá mi ni mo fi ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́." Ó ń ṣa àpáàdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpò. "Mo ti sọ fún wọn pé n kò wá mọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò dára mọ́, ilé ló ń jókòó sí." Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo jókòó sínú yanrìn, mo sì sọ fún un, láti orí kóńgò dé orí aago ọwọ́. Ó gbọ́ ọ tán. Ó gbé àpáàdì kan lé mi lọ́wọ́. "Mú èyí lọ sí Ọ̀yọ́. Kì í ṣe èmi lo máa sọ ọ́ fún."

Mo bá Alfa Israfil nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń gé awọ, Marufat jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá a fi òwú rán etí abẹ̀bẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́. Bàbá kò dá mi lẹ́nu, ọ̀bẹ rẹ̀ kò sì dúró títí mo fi dé ibi tí mo ti wọ ọ́fíìsì Dókítà. Ìgbà náà ló gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ti ìgò, Ọlọ́run ló ń wò ọ́ níbẹ̀. Ti ẹnu, èèyàn gbọ́ ọ. Ibi tí o ti sọ ọ́ ni kí o ti lọ tú u." Mo wo Marufat. Ó ní, "Mo mọ̀ pé o sẹ́ mi, mo ṣáà gbọ́ ọ létí ilẹ̀kùn. Mo rò pé ẹ̀rù dókítà ló bà ọ́. Láti oṣù Kẹrin ni mo ti ń bá ẹ wá àwáwí. Mo ń sọ fún Bàbá pé ojú ló ń tì ọ́." Ó tún fi abẹ́rẹ́ gún awọ. "Omi táǹkì. Nígbà tí mo ń kírun." Mo ní, "Marufat, dákun, forí jì mí." Ó ní, "Mo gbọ́, Fèyí. N kò tíì mọ ohun tí mo máa fi gbígbọ́ ọ̀hún ṣe."

Àyè òkè òkun ti lọ. Mo kọ̀wé pé n kò gbà á mọ́, wọ́n sì fún ẹlòmíràn ní ìlú mìíràn, nítorí ìwé Marufat kò lè dé bá ọjọ́ tí wọ́n dá. Ìyẹn n kò lè tún un ṣe láéláé. Ẹ̀yin tó fi ẹnu gbé orúkọ rẹ̀ kiri láti Ọjà Igbó dé Tákìé, nítorí yín ni mo ṣe kọ èyí: ẹ gbé e padà, ẹ gbé tèmi dípò rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ojú ń tì bíi tèmi, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ẹni jẹ́jẹ́ kì í ṣìkà. Bí wọ́n bá pè yín pé kí ẹ dìde wá sọ ohun tí ẹ mọ̀, ẹ dìde. Ohun tí ẹ kò bá dìde sọ, owú ni yóò bá yín sọ ọ́. Bàbá Àkànjí, ẹ dárí jì mí. Marufat, n kò ní sọ ọ́ fún ọ mọ́ kí n má baà máa dà ọ́ láàmú. O mọ ibi tí mo wà.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mo lọ tú u. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló pé: Dókítà Ọládépò, àwọn ọmọ iṣẹ́, Bàbá Àkànjí lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Alfa Israfil àti ọmọ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo dìde níwájú èèyàn. Mo sọ ti táǹkì. Mo sọ ti kóńgò. Mo sọ pé mọ́kànlá àti ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìndínlógún, pé ẹnu mi ni mo fi pè é. Dókítà fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, "Nígbà tí mo wá bi ọ́ ńkọ́?" Ẹ wo bí ibi ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹnu: lójú gbogbo wọn, mo tún fẹ́ tún un ṣe kó dùn gbọ́. Mo ní, "Sà, mo ní... mo ní n kò rántí dáadáa." Marufat gbé orí sókè. Kò pariwo. Ó ní:

"Rárá, Fèyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lo wí. O ní, 'Ọ̀rẹ́ mi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́.'"